Ìkòkò Frejon Kì í Purọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín nílé wa ní Lafiaji, kí n tó dé orí èyí tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún Àjíǹde tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 16 ni. Ó ní òun fẹ́ ṣe oúnjẹ aládùn kan fún wa, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń jẹ nígbà ooru wọn. Eton mess ló pè é. Mo ṣàlàyé fún ìyá àgbà rẹ̀ pé Eton ni ilé-ìwé tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rán ọmọ wọn lọ, pé láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n sì ti ń fi orúkọ yẹn pe oúnjẹ náà. Mo ní "mess" yẹn, rúdurùdu ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Ẹ gbà mí o! Kí wọ́n san gbogbo owó ilé-ìwé yẹn tán, kí ọmọ wá lọ máa jẹ rúdurùdu!"

Bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́, kò le rárá. Wọ́n á ya funfun ẹyin sọ́tọ̀ kúrò lára pupa rẹ̀, wọ́n á máa lù ú pẹ̀lú ṣúgà títí yóò fi hó bí ọṣẹ, tí yóò sì dúró gandi. Wọ́n á yan án díẹ̀díẹ̀ lórí iná tí kò le títí yóò fi gbẹ táútáú. Wọ́n á wá rún un, wọ́n á pò ó mọ́ ọ̀rá wàrà tí wọ́n ti lù tó wú, àti èso pupa kékeré tí wọ́n ń pè ní strawberry. A kúkú ní strawberry nílẹ̀ yìí. Agbègbè Jos, lókè Plateau níbi tí òtútù wà, ni wọ́n ti ń gbìn ín. Ọmọ náà rí i rà, ṣùgbọ́n ẹ má bèèrè iye tí mo san.

Lafiaji kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òkun ò jìnnà, afẹ́fẹ́ wa kún fún omi. Ṣúgà sì nìyẹn, a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí òwú. Kí wákàtí kan tó pé tí a gbé ẹyin yíyan yẹn kúrò lórí iná, ó ti ń làágùn bí alábàárù. Bí a ṣe ń wò ó, iná mànàmáná lọ. Ọ̀rá wàrà tó yẹ kó tutù dáadáa kó tó lè wú, omi ló dà. Ó di rúdurùdu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń jẹ ní Eton.

Omijé lé sí ọmọ náà lójú. Mo ní, "Má sunkún. Wá wo inú garawa tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn." Ẹ̀wà ló wà níbẹ̀, tó ti ń mu omi láti àárọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kejì ni Ọjọ́ Ẹtì Rere. Mo ní, "Frejon la fẹ́ sè. Ẹ̀wà, àgbọn àti ṣúgà."

Ó wo ẹ̀wà, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀wà pẹ̀lú ṣúgà? Ta ló kọ́ wa?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè yẹn gan-an ni èmi náà bi ìyá ìyá mi ní nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ ẹ́ rí, ẹ̀wà tí a sè tó rọ̀, tí a jọ̀ kúrò lára èèpo rẹ̀, tí a wá fi omi àgbọn àti ṣúgà sè títí yóò fi ki, ni frejon. Ó kúnná, ó dùn, ó dúdú díẹ̀. Bó bá tutù, a dì. Kì í ṣe òun nìkan la ń jẹ o. Ọbẹ̀ ẹja tó ta lẹ́nu tàbí ìgbín aláta ni a fi ń jẹ ẹ́, a sì ń wọ́n gàrí Ìjẹ̀bú lé e. Adùn, ata, iyọ̀ àti kíkan gàrí, gbogbo wọn á pàdé lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹran ò sí nínú rẹ̀, torí ọjọ́ tí àwọn Kátólíìkì kì í jẹ ẹran ni.

Ọ̀rọ̀ Potogí ni orúkọ náà. Feijão ni wọ́n ń pe ẹ̀wà. Ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, títí dòní, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn àti ṣúgà sè ní ọ̀sẹ̀ mímọ́ kan náà yìí. Feijão de leite ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹ̀wà oníwàrà. Ọmọ ìyá ni òun àti tiwa. Àwọn Àgùdà ló gbé e wá sí Èkó.

Ta wá ni Àgùdà? Àwọn ọmọ Yorùbá àti ẹ̀yà mìíràn ni, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà, tí àwọn fúnra wọn tàbí ọmọ wọn sì padà wálé. Àwọn tó ti Sierra Leone bọ̀, Sàró là ń pè wọ́n, Olówógbowó ni wọ́n sì pọ̀ sí. Pópó Àgùdà ni tàwọn ará Bràsíìlì: òpópónà Bámgbóṣé, Tòkunbọ̀, gbàgede Campos, títí dé etí Lafiaji tiwa. Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ yẹn, Tòkunbọ̀. Ẹni tó ti òkun bọ̀ ni.

Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní December 1851, ọ̀nà ilé túbọ̀ là fún wọn. Ọba Dòsùmú, tó gorí oyè ní 1853, fi ilẹ̀ fún púpọ̀ nínú wọn. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n: bíríkìlà, káfíńtà, aránṣọ. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Kátólíìkì kọ́ mọ́ṣáláṣí, ẹnikẹ́ni ò sì bínú, Èkó nìyẹn. Kí Fadá Borghero tó dé Èkó ní 1863, ọkùnrin kan tó ti bọ́ lóko ẹrú, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ti ń kó wọn jọ gbàdúrà láìjẹ́ pé ó jẹ́ àlùfáà. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi ń pe ìjọ Kátólíìkì ní Ìjọ Àgùdà títí dòní. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìmàle ni bàbá mi, Àgùdà ni ìyá mi. Ní ilé ìyá mi, ìtàn méjì ló wà: ìtàn pálọ̀ àti ìtàn ìdí ààrò.

Ìtàn pálọ̀ ni èyí tí wọ́n ń sọ fún àlejò. Àwòrán àwọn bàbá tó dé fìlà òyìnbó wà lára ògiri. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi á tọ́ka sí wọn, wọ́n á ní, "Bàbá ńlá wa lọ ṣòwò ní Bàhíà. Nígbà tó ṣòwò tán, ó wálé." Òwò kúkú wà láàárín Èkó àti Bàhíà lóòótọ́. Obì, epo pupa, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì ń ti ìhín lọ. Tábà àti ọtí ń ti ọ̀hún bọ̀. Irọ́ tí òótọ́ díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, òun ló ń pẹ́ láyé.

Ìtàn ìdí ààrò, ní 1966, ọdún tí mo pé ọmọ ọdún 10, ni mo gbọ́ ọ. Èmi ni mo máa ń rin àgbọn fún Ìyá Àgbà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, torí ọwọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń dí lórí ẹja àti ìgbín. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ ó fọ́ àgbọn, ẹ ó rin ín títí ìka yóò fi bó. Ẹ ó bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i, ẹ ó fún un nínú aṣọ funfun. Omi àkọ́kọ́ a máa ki bí ọ̀rá wàrà. Ẹ gbé e pamọ́. Ẹ tún bu omi sí i, ẹ tún un fún. Omi kejì yìí ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ sísè. Ẹ̀wà ti jinná tó ń fọ́ fúnra rẹ̀, ẹ ti fi asẹ́ jọ̀ ọ́, èèpo ti kúrò. Àwọn àgbà fẹ́ràn ẹ̀wà ìbejì, èyí tó dúdú. Bí kò bá sí, ẹ̀wà pupa ò burú. Ẹ pò ó mọ́ omi kejì, ẹ fi ṣúgà àti iyọ̀ bín-ín-tín sí i, kànáfùrù bíi mélòó kan, ẹ gbé e ka iná jẹ́jẹ́, ẹ máa rò ó. Ìparí ni omi àkọ́kọ́ ń wọlé. Bí ẹ bá tètè dà á sí i, tó hó púpọ̀, òróró rẹ̀ á ya kúrò lára omi, iṣẹ́ bàjẹ́. Láyé ìgbà náà, orí iná igi ló ń sùn mọ́jú.

Ìdí iná yẹn la wà. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ta ló kọ́ wa ní ẹ̀wà oníṣúgà yìí? Kí sì ni Bàbá Ńlá ń tà ní Bàhíà?"

Ó dákẹ́, ó ń ro ìkòkò. Nígbà tó yá, ó ní, "Ta ní í lọ ṣòwò tí wọ́n so ó lọ́wọ́ lọ́sẹ̀?"

Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀.

Ó ní, "Wọ́n tà wọ́n ni, ọmọ mi. Ogun ló kó ìyá ìyá mi, ọmọdébìnrin ni nígbà náà. Èkó tí a wà yìí ni wọ́n ti kó o sọ́kọ̀."

Mo ní, "Báwo ló ṣe wá padà?"

Ó gbé omorogùn sókè, ó gbọ̀n ọ́n sétí ìkòkò. "Ẹ̀wà ló rà á padà."

Ó ní obìnrin náà a máa gbé àkàrà àti ẹ̀wà aládùn lórí àtẹ kiri ìgboro Bàhíà. Lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, a san iye kan tí olówó rẹ̀ dá lé e. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, a dì í mọ́ ìdí aṣọ. Ọdún gbọọrọ ló fi tọ́jú rẹ̀, títí tó fi tó owó orí ara rẹ̀. Ó san án, wọ́n kọ ìwé òmìnira fún un, ó wọkọ̀ wálé. Ìyá Àgbà wá fi ìka kàn mí lẹ́nu. Ó ní, "Má sọ ọ́ ní pálọ̀ o."

Mi ò sì sọ ọ́.

Nígbà tí mo dàgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé kiri, mo rí i pé kò purọ́ ẹyọ kan. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 ènìyàn ni wọ́n kó láti Áfíríkà lọ sí Bràsíìlì nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ogun ń jà nílẹ̀ Yorùbá, Èkó wà lára èbúté tí wọ́n ti ń kó wọn lọ jù. Bràsíìlì fi òfin de òwò náà ní 1831, wọn ò tẹ̀ lé e. 1850 ni wọ́n tó dá a dúró ní tòótọ́. 13 May 1888 ni wọ́n tó tú àwọn ẹrú tó kù sílẹ̀.

Kí ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ wọn ṣe? Ṣúgà ni. Ní Bàhíà, láti ìparí oṣù keje títí dé oṣù karùn-ún ọdún kejì ni wọ́n fi ń lọ ìrèké, tọ̀sán tòru. Bí oorun bá gbé ẹni tó ń ti ìrèké sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Àáké wà nítòsí tí wọ́n fi ń gé apá náà, kó má baà fa odindi ènìyàn lọ. Ṣúgà tó ti ibẹ̀ jáde ń lọ sí Yúróòpù, kí wọ́n lè fi ṣe kéèkì àti oríṣiríṣi oúnjẹ aládùn. Ọmọ ọmọ mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n abọ́ méjèèjì tó wà lórí tábìlì wa lọ́jọ́ yẹn, tòyìnbó àti tiwa, ìdí ìrèké ni wọ́n ti pàdé.

Nínú ìgboro Salvador, tí í ṣe olú ìlú Bàhíà, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá kì í ṣe iṣẹ́ oko. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń ru ẹrù, àwọn obìnrin ń kiri oúnjẹ, wọ́n ń san owó fún olówó wọn, wọ́n ń tọ́jú èyí tó ṣẹ́ kù. Àwọn mìíràn á dá owó jọ bí ẹni ń dá èésú, wọ́n á máa ra ara wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní òru 24 mọ́jú 25 January 1835, àwọn Mùsùlùmí inú wọn dìde ogun. Nǹkan bíi 600 ènìyàn ló jáde. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ìjọba sì lé ọ̀pọ̀ kúrò nílùú. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ túbọ̀ ń kó wọn bọ̀ wá sí Èkó àti etí òkun Dàhómì. Mùsùlùmí àti Kátólíìkì, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà.

Ẹ wá wo ìkòkò frejon dáadáa. Ìrèké, àlejò ni. Ìhà Éṣíà ló ti wá. Àgbọn, àlejò ni. Kí Potogí tó yí Áfíríkà ká dé Íńdíà ní 1498, kò sí igi àgbọn létí òkun tiwa yìí, àwọn ló kó o wá síhìn-ín, tí wọ́n sì gbé e dé Bràsíìlì. Orúkọ rẹ̀, Potogí. Ọjọ́ tí a ń jẹ ẹ́, ti Ìjọ Àgùdà. Ẹ̀wà nìkan ni ọmọ onílé. Ẹ̀wà tiwa yìí, Áfíríkà ni orírun rẹ̀, inú ọkọ̀ ẹrú ló sì bá àwọn ènìyàn wa lọ. Àkàrà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ló di acarajé tí àwọn obìnrin aláṣọ funfun ṣì ń dín nígboro Bàhíà. Ní 2005 ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè. Àkàrà lọ, frejon bọ̀. Ìyá kan náà ló gbé méjèèjì lórí.

Bó ṣe dé Lafiaji, kò dúró sílé Àgùdà nìkan. Èmi ni wọ́n máa ń rán. Abọ́ tánganran, ọmọrí lórí, aṣọ lórí ọmọrí. "Gbé tibí lọ fún Àlùfáà. Gbé tibí fún Ìyá Alákàrà. Má dà á nù o!" Ilé Mùsùlùmí, ilé Sàró, ilé àwọn tó jẹ́ ìjọ mìíràn, kò sí èyí tí mi ò dé. Bí Iléyá bá tó, abọ́ kan náà á padà wá pẹ̀lú ẹran. Láti 1955 tí àtúntò àárín Èkó ti bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹbí kó lọ sí Sùúrùlérè, abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì. Mo ti gbé frejon lórí itan láti Obálendé dé Sùúrùlérè rí, tí gbogbo èrò ọkọ̀ ń fi imú fà á. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ló sì ń kádìí rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ Fàǹtí Lafiaji àti ti Campos á jáde pẹ̀lú fìlà ńláńlá àti fèrè, tí àdúgbò á máa mì tìtì.

Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyẹn ti lọ. Ilé Ilojo Bar ní gbàgede Tinúubú, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ìjọba kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o lulẹ̀ ní September 2016. Ilé tí a fi bíríkì mọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà ti lọ, ìyá mi ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó gba omorogùn lọ́wọ́ wọn náà ti lọ. Bí èmi ọkùnrin ṣe di alásè frejon ilé wa nìyẹn, èmi tí iṣẹ́ mi ò ju kí n rin àgbọn lọ. Ọdún kìíní tí mo sè é, ó jóná. Ọdún kejì, mo tètè da omi àkọ́kọ́ sí i. Ọdún kẹta ló tó di frejon.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, èmi àti ọmọ ọmọ mi jọ jókòó ti ìkòkò. Ọwọ́ rẹ̀ bó bí tèmi ṣe bó. Mo sọ ìtàn ìdí ààrò fún un tán pátá, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Wọ́n fi ṣúgà mú un lẹ́rú, òun náà fi ṣúgà ra ara rẹ̀?" Mo ní, "Àti ẹ̀wà. Má gbàgbé ẹ̀wà." Lọ́jọ́ kejì, ó kó èérún ẹyin yíyan rẹ̀ tó kù, ó wọ́n ọn lé frejon bí ẹni wọ́n gàrí. Mo tọ́ ọ wò. Kò burú, ṣùgbọ́n gàrí Ìjẹ̀bú ṣì ni ọ̀gá.

Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí síwèé, mo kọ́kọ́ fi tó ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan létí, ẹni tó dàgbà jù nínú wa báyìí. Ó fi ìbínú pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kọ ọ́ kí gbogbo ayé kà á pé ẹrú ni wá?"

Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé a ra ara wa."

Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti gé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Frejon tọdún yìí ńkọ́? Ṣé abọ́ tèmi ń bọ̀?"

Mo ní ó ti wà lójú ọ̀nà. Ọmọ ọmọ mi ló gbé e lọ.